Mo Ti Wo Fíìmù Kí N Tó Ka Ìwé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ ní ká fi ohun tá a kà, tá a wò àti tá a gbọ́ láìpẹ́ yìí ránṣẹ́. Tèmi rèé. Mo wo fíìmù Ó Le Kú ní ọ̀sẹ̀ 3 sẹ́yìn, ó dùn mọ́ mi débi pé mo wá ìwé rẹ̀ kàn. Mo ti ka ojú ìwé 40 báyìí, ṣùgbọ́n bí Àjàní, olú ẹ̀dá ìtàn náà, bá ti lanu sọ̀rọ̀, ojú Yẹmí Ṣódìmú tó ṣe é nínú fíìmù ni mò ń rí. Kò jẹ́ kí n gbádùn ìwé náà. Ní ti orin, àwọn àwo jùjú àtijọ́ ni mò ń gbọ́ lórí fóònù, àmọ́ wọ́n gùn, mo sì máa ń fò wọ́n. Ṣé kí n pa ìwé yẹn tì ni?
Òǹkàwé yín, ọmọ ọdún 24

Ìdáhùn: Pa kín ni tì? Lẹ́yìn ojú ìwé 40!

Ìwé ni èmi kọ́kọ́ kà ní tèmi. Ọdún 1974 ni ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti jáde, ó di 1997 kí Túndé Kèlání tó gbé fíìmù rẹ̀ jáde. Kó tó dìgbà yẹn, mo ti ní Àjàní tèmi lọ́kàn: ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan báyìí, tí kì í lè wo èèyàn lójú pẹ́. Bí mo ṣe jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ìjà ló dé. “Èyí kọ́! Èyí kọ́!” Àbúrò mi ní tí mi ò bá lè dákẹ́, kí n jáde kí òun rí nǹkan wò. Mo dákẹ́. Kí fíìmù náà tó parí, Àjàní tèmi ti sá lọ, mi ò sì rí i mọ́ títí dòní. Ìwọ ò pàdánù ẹnì kankan ní tìẹ. Ojú lásán ni wọ́n yá ọ.

Ohun tí fíìmù lè ṣe, ó ti ṣe é. Ìró àti bùbá péńpé táwọn obìnrin wọ̀ nínú rẹ̀ tún gbòde padà, òlékù sì làwọn èèyàn ń pè é. Ìwé ò lè rán aṣọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnu ni agbára tirẹ̀ wà: àpárá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì inú ìtàn náà, tí kámẹ́rà ò ráyè dúró gbọ́ tán.

Nítorí náà, kà á sókè. Ojú ìwé 2 péré, kó o ti ilẹ̀kùn tójú bá ń tì ẹ́. Bí mo ṣe tún un kà lọ́dún tó kọjá nìyẹn, mo sì bú sẹ́rìn-ín níbì kan tí mo ti fojú kọjá lórí rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ahọ́n ni kò jẹ́ kí n sáré: bí mo bá ti ṣi ohùn pè, gbólóhùn á dà rú, màá sì padà sẹ́yìn.

Orin fífò yẹn gan-an ló bí mi nínú. Ojú kan àwo ńlá máa ń gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, ọ̀pọ̀ eléré jùjú ló sì máa ń lo gbogbo rẹ̀ láìdúró, tí orin kan á yọ́ wọ inú òmíràn. Bí wọ́n bá ti ki èèyàn tán, gìtá á fà sẹ́yìn, ó ku ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó ń mì jẹ́jẹ́, kí gángan tó wọlé. Ibẹ̀ ni ìka rẹ ti máa ń yá. O rò pé orin ti tán, onílù ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ ni.

Gbé fóònù síbi tọ́wọ́ rẹ ò ti ní tó o. Tó o bá sì ka ìwé yẹn tán, kọ̀wé sí mi. Ojú ta lo rí?