Inú ilé kan náà la wà, kí ló dé tó jẹ́ èmi nìkan ni fọ́ńgọ́ọ̀sì ń bá fínra?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Èmi àti àbúrò mi obìnrin jọ ń gbé ni, ọṣẹ kan náà la fi ń wẹ̀. Láàárín ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ojú ara ti yún mi, tí nǹkan funfun bíi wàrà tó dì ń jáde. Àyẹ̀wò ní Candida ni, irú fọ́ńgọ́ọ̀sì kan. Kò ṣe àbúrò mi rí. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ mi ni kò lágbára, kí n máa lo oògùn tó ń gbé àjẹsára ró. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, arábìnrin mi. N ò rò pé ẹ̀jẹ̀ yín kò lágbára. Kódà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ariwo àwọn ẹ̀ṣọ́ ara yín ló pọ̀ jù níbi tí kò yẹ kó ti pọ̀.

Candida kì í ṣe àlejò. Ó wà lẹ́nu, nínú ìfun àti lójú ara ọ̀pọ̀ èèyàn tí nǹkan kan ò ṣe. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ó wà lára àbúrò yín náà. Ohun tó yàtọ̀ ni bí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ara ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń dá a lóhùn.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti rí irú ìyàtọ̀ yìí. Ní 1884 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Élie Metchnikoff, gbé àkíyèsí rẹ̀ jáde nípa Daphnia, ẹ̀dá inú omi kan tó kéré bíńtín, tí ara rẹ̀ mọ́ gaara bíi dígí, débi pé èèyàn lè máa wo ohun tó ń lọ nínú rẹ̀ láìpa á. Ìwúkàrà kan, tó jẹ́ irú fọ́ńgọ́ọ̀sì kan, wà tó máa ń bá a jà. Hóró ìwúkàrà náà rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Bí Daphnia bá gbé e mì, á gún ìfun já bọ́ sínú ara. Metchnikoff rí i tí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan sáré wá, wọ́n rọ̀gbà yí abẹ́rẹ́ náà ká, wọ́n ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi rún wómúwómú. Daphnia tí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tètè dé ibẹ̀, ó yè. Èyí tí hóró ti hù nínú rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe tán, ó kú. Omi kan náà, fọ́ńgọ́ọ̀sì kan náà. Ní 1908, Metchnikoff àti Paul Ehrlich jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ wọn lórí àjẹsára.

Lára tiwa, iṣẹ́ náà pín sọ́wọ́ oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì. Neutrophil, irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan, ni ọ̀gá nínú ẹ̀jẹ̀. Inú mùdùnmúdùn eegun ni wọ́n ti ń wá, wọ́n á gbé fọ́ńgọ́ọ̀sì mì, wọ́n á da májèlé lé e lórí. Bó bá ti gùn bí okùn tí kò ṣeé gbé mì, wọ́n á tú DNA inú ara wọn síta bí àwọ̀n, wọ́n á fi dè é. 2004 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàpèjúwe àwọ̀n yìí. Ẹni tí oògùn jẹjẹrẹ bá sọ neutrophil rẹ̀ di ohun tí kò tó 500 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan, Aspergillus, fọ́ńgọ́ọ̀sì inú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń fà símú lójoojúmọ́, lè ta gbòǹgbò sí i ní ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn mìíràn tún wà tí neutrophil wọn pé, àmọ́ tí wọ́n bí láìní ohun tí wọ́n fi ń po májèlé náà. Wọ́n á gbé e mì, wọn ò ní lè pa á.

Ẹnu àti awọ ara ní ẹ̀ṣọ́ tiwọn. Sẹ́ẹ̀lì T kan tó ń tú kẹ́míkà IL-17 jáde ló ń ké sí àwọn yòókù níbẹ̀. Kòkòrò HIV máa ń run irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Candida fi lè bo ahọ́n ẹni tí HIV ti bá jìnnà, tí kì í sì í sábà wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: neutrophil ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní 2011, wọ́n ṣàlàyé nípa àwọn tí apilẹ̀ àbùdá IL-17 wọn lábùkù láti ìbí, tí Candida ń bá jà ní ẹnu, ní èékánná àti lára awọ láti kékeré. Nítorí náà, bí aláìsàn bá ní fọ́ńgọ́ọ̀sì ń da òun láàmú, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé: níbo? Ibẹ̀ ló máa ń tú àṣírí ẹ̀ṣọ́ tí kò sí nídìí iṣẹ́.

Ìyàtọ̀ yìí kò mọ sára aláìsàn o. Ní Netherlands, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ nǹkan bí 500 èèyàn tí ara wọn le, wọ́n po Candida àti àwọn kòkòrò mìíràn mọ́ ọn, wọ́n sì wọn kẹ́míkà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tú jáde. Èsì rẹ̀ jáde ní 2016. Sẹ́ẹ̀lì ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ti ẹlòmíràn ń pariwo bí ẹni pé ilé ń jó. Apilẹ̀ àbùdá dá sí i, ọjọ́ orí dá sí i, kódà ìgbà tó wà nínú ọdún dá sí i.

Ó wá ku ojú ara, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ yín gan-an. Nínú obìnrin mẹ́rin, nǹkan bíi mẹ́ta ni Candida máa ń ṣe níbẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láyé wọn. Àwọn obìnrin kan yọ̀ǹda kí wọ́n fi Candida sí wọn lójú ara nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2004. Àwọn tí kò yún, neutrophil kò tú jáde níbẹ̀. Àwọn tó yún, neutrophil rọ́ wá bí omi, síbẹ̀ wọn ò lé Candida lọ. Ariwo àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn gan-an ni yíyún, wíwú àti pípọ́n. Tí oògùn àjẹsára tí wọ́n ń sọ fún yín bá tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ (n ò gbà bẹ́ẹ̀), ta ló fẹ́ fún lágbára? Ẹ tọ́jú owó yín.

Mi ò sọ pé kò lè wà nínú ìdílé o. Ní 2009, wọ́n rí ìdílé kan tí Dectin-1 wọn kò pé, ìyẹn ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń dá ara fọ́ńgọ́ọ̀sì mọ̀, Candida ojú ara sì ń padà bá àwọn obìnrin ibẹ̀ lemọ́lemọ́. Àmọ́ kí á tó dé ìdí apilẹ̀ àbùdá, àwọn nǹkan tó wọ́pọ̀ ju ìyẹn lọ wà nílẹ̀. Ẹ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, torí àtọ̀gbẹ máa ń sọ iṣẹ́ neutrophil di ìdákúrekú. Ẹ yẹ HIV wò. Ẹ rántí bóyá ẹ lo oògùn apakòkòrò kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ó máa ń pa àwọn bakitéríà tó ń dá Candida lẹ́kun, tàbí bóyá ẹ ń lo sítẹ́rọ́ìdì. Ẹ má fi ọṣẹ fọ inú ojú ara.

Kí wọ́n sì gbin èyí tí wọ́n bá gbà lára yín ní yàrá àyẹ̀wò, kí wọ́n dárúkọ irú Candida náà gan-an, torí irú tó ń jẹ́ glabrata kì í sábà gbọ́ ti fluconazole, oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì, bí irú tó ń jẹ́ albicans ṣe ń gbọ́. Bó bá jẹ́ albicans, dókítà yín lè ní kí ẹ máa lo fluconazole lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìtọ́jú àkọ́kọ́. Bí ẹ bá lóyún, tàbí tí ẹ ń retí rẹ̀, ẹ sọ fún un kó tó kọ ọ́.