Kí ẹ tó wọ ihò àdán ní Ìdànrè

Àbúrò, o ní ẹ̀yin mẹ́fà fẹ́ rin igbó Ìdànrè ní Sátidé tó ń bọ̀, pé gbogbo ihò tí ẹ bá rí lẹ ó yà wọ̀, o sì béèrè bóyá iná fóònù tó. Kò tó, mo ṣì máa dé orí ìyẹn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọ sọ̀rọ̀ eruku, nítorí eruku ló dá mi wó fún ohun tó lé ní oṣù méjì.

Àgbègbè yẹn náà ni. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì. Kí a tó dé ẹnu ihò náà ni òórùn rẹ̀ ti ń ta wá nímú, bí ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ìgbẹ́ àdán ló bo gbogbo ilẹ̀ inú rẹ̀, ó ti gbẹ, ó kúnná ju gàrí lọ, ẹsẹ̀ ń rì sínú rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí òkè: àdán lórí àdán, gbogbo wọn dorí kodò. Ìmọ́lẹ̀ yẹn lé wọn, wọ́n fò lẹ́ẹ̀kan náà, apá wọn sì fẹ́ ilẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Mo rí eruku náà tó ń yípo nínú iná tọ́ọ̀ṣì bí èéfín. Ó wù mí lójú. Mo dúró síbẹ̀ tó ogún ìṣẹ́jú, mo ń ya fọ́tò, mo sì ń fà á símú.

Lọ́jọ́ kejìlá, ara mi gbóná. Ikọ́ gbígbẹ tẹ̀ lé e, àyà ń ro mí, bí mo bá gun àtẹ̀gùn ilé mi, àfi kí n jókòó sí àárín. Wọ́n ní ibà ni, mo lo oògùn ibà. Wọ́n ní tífọ́ọ̀dù ni, mo gba abẹ́rẹ́. Wọ́n ya X-ray àyà mi, wọ́n rí àmì tó-tò-tó nínú ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n ní ikọ́ ife ni, ṣùgbọ́n wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò, wọn kò rí i. Nígbà tó di oṣù kejì ni dókítà obìnrin kan bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí: "Ibo lẹ lọ kí ikọ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Ṣé àdán wà níbẹ̀?" Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là.

Histoplasmosis lorúkọ rẹ̀. Ohun tó ń fà á jẹ́ ìbátan ohun tó máa ń bo búrẹ́dì tó bá bu. Inú ilẹ̀ tí ìgbẹ́ àdán tàbí ti ẹyẹ ti pọ̀ ló ti ń hù, hóró rẹ̀ kéré débi pé ojú kò lè rí i, àfi kí ènìyàn mí in sínú. Láàárín ọjọ́ 3 sí 17 ló máa ń fara hàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀ pé ó mú wọn, ara wọn á lé e lọ. Nínú àwa mẹ́ta, ọ̀kan kò wúkọ́ rárá, èkejì wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, èmi lo itraconazole fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Nítorí náà, bí ọ̀kan nínú ẹ̀yin mẹ́fà bá ní ikọ́ fée (asthma), tàbí tó ní kòkòrò HIV, tàbí tó ń lo oògùn tó ń dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù, kí ó dúró sí ìta. Má ṣe jẹ́ kí ojú tì í. Ẹ̀yin tó kù, ìbòmú N95 ni kí ẹ rà, áńkáṣíìfù kò lè dá hóró yẹn dúró. Bí ilẹ̀ ihò bá sì ti kúnná bí èyí tí mo sọ, ẹnu ihò ni kí ẹ ti wò ó, kí ẹ padà.

Ti àdán fúnra rẹ̀ náà wà níbẹ̀. O mọ̀ pé wọ́n máa ń ṣọdún àdán ní Ìdànrè, tí àwọn ọkùnrin á wọ inú ihò lọ mú wọn. Àwọn onímọ̀ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn àdán náà wò, wọ́n sì rí àmì pé kòkòrò tó bá ti digbòlugi tan ti bá wọn jà rí. Lọ́dún 2008, obìnrin ará Netherlands kan wọ ihò àdán nínú igbó Maramagambo ní Uganda, ó padà sílé, ibà Marburg pa á. Irú àdán tó wà nínú ihò yẹn wà ní Ìdànrè pẹ̀lú. Ẹ má fọwọ́ kàn án, òkú tàbí ààyè. Bí ó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó ku òjò. Ihò tiwa yàtọ̀ sí èyí tí o ń rí nínú fídíò àwọn òyìnbó. Tiwọn sábà máa ń jẹ́ òkúta ẹfun tí omi fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún jẹ di ọ̀nà gígùn lábẹ́ ilẹ̀. Ti Ìdànrè àti ti Olúmọ, gíráníìtì ni: òkúta ńláńlá ló gun orí ara wọn, àlàfo àárín wọn là ń pè ní ihò. Gíráníìtì kì í mu omi. Bí òjò bá rọ̀ lókè, gbogbo rẹ̀ ló ń sáré bọ̀ wá sísàlẹ̀, láìpẹ́ rárá. Wo ara àpáta dáadáa, wàá rí ìlà dúdú gbọọrọ láti òkè wá: ọ̀nà omi nìyẹn, ó sì ń yọ̀ bí ilá. Má jókòó sábẹ́ rẹ̀, má sì gbà á gùn.

Iná wá ńkọ́? Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́ orí ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, pẹ̀lú òmíràn nínú àpò. Fóònù ọ̀rẹ́ mi yọ́ bọ́ sáàárín òkúta méjì, a ń wo iná rẹ̀ nísàlẹ̀, ọwọ́ kò tó o. Iná lọ, ohun tí a fẹ́ fi pe ènìyàn lọ. Oyin àti ejò, o mọ̀ wọ́n: ẹ má fín lọ́fínńdà, ẹ má pariwo, ẹ má ki ọwọ́ bọ ibi tí ojú kò dé.

Ẹ mú ọmọ ìlú dání, ọdẹ bó bá ṣeé ṣe. Àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ojúbọ ni àwọn ihò mìíràn, ẹni tó ni wọ́n ló lè sọ èyí tí ẹsẹ̀ yín lè tẹ̀.

Bí o bá sì dé Ihò Eléérú nítòsí Ìsàrun lọ́jọ́ kan, jọ̀wọ́, má dáná níbẹ̀, má wa ilẹ̀, má ṣa òkúta kankan. Ibẹ̀ ni Thurstan Shaw, òyìnbó awalẹ̀pìtàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wa egungun ènìyàn jáde lọ́dún 1965, ẹni tó gbé láyé ní nǹkan bí 13,000 ọdún sẹ́yìn. Èédú tó wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀. Ìwọ náà rò ó: bí èédú àgbàdo sísun tìrẹ bá dà pọ̀ mọ́ ti àwọn baba ńlá yẹn, ta ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀? Mo dúró lábẹ́ àpáta yẹn, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ènìyàn ti sá òjò síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé à ń gbin iṣu.

Fún Sátidé, bí ẹ bá dé, ẹ bọ́ aṣọ sínú ọ̀rá kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì wẹ̀. Kọ ọjọ́ tí ẹ lọ sílẹ̀. Bí ibà tàbí ikọ́ bá dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, sọ fún dókítà pé inú ihò àdán lo wọ̀, kí ó tó kọ oògùn ibà fún ọ.