Ṣé kí a ṣe ìsàmì fún àwọn ìbejì wa ní Àbújá?

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Kánádà ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, àwọn ìbejì wa sì ti pé oṣù mẹ́wàá. Àwọn òbí mi, tí wọ́n ń gbé ní Kubwa ní Àbújá, ti bá àlùfáà ìjọ Áńgílíkà wọn sọ ọ́ pé kí a ṣe ìsàmì fún àwọn ọmọ náà nígbà tí a bá wálé ní oṣù Kejìlá. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkọ mi. Ó ní ẹni tí kò tíì lè gbàgbọ́ fúnra rẹ̀ kò lè ṣe ìrìbọmi. Màmá mi ń sunkún lórí fóònù. Kí ni ìtumọ̀ ìrìbọmi gan-an?

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, mo kí yín láti Lọ́ńdọ̀nù. Kàdúná ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, láàárín àwọn oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́, irú àwọn tí wọ́n gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Òkè Ọya. Àwa ọmọ Áńgílíkà a máa yọjú wò wọ́n bí wọ́n ti ń tẹ àwọn ọ̀dọ́ bọ inú omi, a ó sì máa rẹ́rìn-ín.

Èdè wa gan-an ti gbé àríyànjiyàn náà pamọ́ sínú. Ẹni tí ó pè é ní ìsàmì ń wo àmì tí Ọlọ́run fi sára ẹni. Ẹni tí ó pè é ní ìtẹ̀bọmi ń wo ara tí ó wọ inú omi lọ tí ó sì jáde. Bíbélì àtijọ́ kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, “baptisi” ni ó pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ wà nínú ìwé Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù, orí kẹfà: ẹni tí a baptisi sínú Kristi, inú ikú Rẹ̀ ni a baptisi rẹ̀ sí, a sin ín pẹ̀lú Rẹ̀, kí ó lè máa rìn nínú ìyè tuntun. Nítorí náà kì í ṣe ìsọmọlórúkọ, bí àwa Yorùbá tilẹ̀ ti so ó mọ́ “orúkọ ìsàmì” pinpin.

Ọkọ yín lè tọ́ka sí Àjàyí Crowther, tí ó ti tó sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀ kí ó tó gba ìrìbọmi ní Sàró ní 1825, àti ìyá rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ìrìbọmi fún ní Abẹ́òkúta ní 1848. Màmá yín lè tọ́ka sí onítúbú ìlú Fílípì, tí a baptisi òun àti gbogbo àwọn tirẹ̀ ní òru kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Bíbélì kò sọ bóyá ọmọ ọwọ́ wà nínú wọn. Tertullian, ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé ìjọ Kristẹni ìgbà láéláé, ti ń gbani níyànjú ní nǹkan bí ọdún 200 pé kí wọ́n fi ti àwọn ọmọdé falẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé àwọn kan ti ń ṣe é nígbà náà.

Ohun tí ó ń dùn mí jù ni ẹ̀jẹ́. Kàdúná ni a ti ṣe ìsàmì fún àkọ́bí wa nígbà tí a lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé. Àwọn tí wọ́n dúró fún un ṣèlérí níwájú pẹpẹ pé àwọn yóò máa tọ́ ọ nínú ìgbàgbọ́, wọn kò sì tún fojú kàn án títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Fọ́tò nìkan ni ó kù. Nítorí náà ni mo fi ń béèrè pé, ìjọ wo ni ẹ ń lọ ní Kánádà? Bí ó bá jẹ́ ti Áńgílíkà, tí ọkọ yín sì gbà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe é, lójú àwọn tí yóò máa rí àwọn ọmọ náà. Bí ó bá jẹ́ ti Onítẹ̀bọmi, ẹ gbé wọn lọ sí Kubwa fún ìdúpẹ́ àti àdúrà, kí ẹ sì dúró. Bí ẹ bá sáré ṣe é nísinsìnyí, ìjọ ọkọ yín lè ní kí wọ́n tún un ṣe nígbà tí wọ́n bá dàgbà, bẹ́ẹ̀ sì ni ìrìbọmi kan ṣoṣo ni Áńgílíkà ń jẹ́wọ́ nínú ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ wọn.

Kí ẹ̀yin méjèèjì kọ́kọ́ fẹnu kò, lẹ́yìn náà kí ọkọ yín fúnra rẹ̀ pe Màmá.