"Billion": mílíọ̀nù mélòó ló wà nínú rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ìwé ìmọ̀ ìràwọ̀ kan tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1935. Ó ní nǹkan bíi "six billion miles" ni ìmọ́lẹ̀ ń rìn láàárín ọdún kan. "Six trillion" ni ìwé tuntun tí ọmọ mi ń kà kọ. Èwo nínú wọn ló ṣì í, kí sì ni "billion" túmọ̀ sí gan-an?

Ìdáhùn: Kò sí èyí tó ṣì í nínú méjèèjì, iye kan náà ni wọ́n ń sọ. Ọ̀rọ̀ náà ló yí ìtumọ̀ padà láàárín ìgbà tí wọ́n tẹ ti àkọ́kọ́ àti ìgbà tí wọ́n tẹ èkejì.

Ẹ fi ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bíi máìlì 186,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú àáyá tó sì wà nínú ọdún kan lé díẹ̀ ní 31,500,000. Bí ẹ bá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, ohun tí ẹ ó rí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6 tí òdo méjìlá tẹ̀lé. Iye tí ìwé méjèèjì ń pè lórúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ni wọ́n ń pè ní "billion". Ìtumọ̀ yẹn bá ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà mu, nítorí pé "bi" ń tọ́ka sí méjì: mílíọ̀nù tí a fi mílíọ̀nù sọ di púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Nicolas Chuquet, ará Faransé, ṣe lò ó nínú ìwé ìṣirò tó fọwọ́ kọ ní ọdún 1484. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ ìṣirò kan ní Faransé kan náà sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù péré, àwọn ará Amẹ́ríkà sì gba èyí wọlé, ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì di ti àtijọ́ mú, "thousand million" tàbí "milliard" ni wọ́n sì ń pe èyí tó kéré.

Ní ọdún 1974 ni Harold Wilson, olórí ìjọba ilẹ̀ náà, sọ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ni "billion" yóò máa jẹ́ lẹ́nu àwọn mínísítà òun. Lónìí, 1 tí òdo mẹ́sàn-án tẹ̀lé ni lédè Gẹ̀ẹ́sì, "trillion" sì ni èyí tó ní òdo méjìlá. Ẹ lò ó bẹ́ẹ̀ láìbẹ̀rù.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù fún àwọn òǹkàwé ni ọ̀dọ̀ àwọn èdè mìíràn. Lédè Jámánì, Faransé (tí òun náà ti padà sí ti àtijọ́) àti Sípéènì, òdo méjìlá ni ọ̀rọ̀ tó jọ "billion" ní lónìí. "Milliarde" ni àwọn ará Jámánì ń pe olódo mẹ́sàn-án. Mo ti ṣàtúnyẹ̀wò ìtumọ̀ kan rí tí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ láti èdè Jámánì kọ "Billion" sílẹ̀ bó ṣe bá a, tí gbèsè inú ìwé náà sì fi bẹ́ẹ̀ dín kù di ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Kò sí àṣìṣe kankan tí ojú lè rí nínú gbólóhùn náà, ìdí nìyẹn tó fi léwu. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹ kọ iye náà ní fígọ̀ kíkún.

Ní ti ìlò, bí fígọ̀ bá ṣáájú ọ̀rọ̀ náà, kì í gba "s": "two billion dollars". Ìgbà tí a kò bá sọ iye pàtó nìkan ni a ń kọ "billions of dollars". Àwọn oníròyìn máa ń gé e kúrú sí "bn".

Ẹ má ṣe pa ohun tó wà nínú ìwé 1935 yín rẹ́ o. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ 6,000,000,000,000 sí etí ojú ìwé náà, kí ọmọ yín lè rí i pé iye tó wà nínú tirẹ̀ náà ni.