Èsì: Àwọn tó wà nídìí oògùn ọ̀fẹ́ fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ n'Ífẹ̀
Ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n yín, mà. Ẹ béèrè pé àwọn wo ló ń fúnni lóògùn CML, irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, lọ́fẹ̀ẹ́ ní OAUTHC, ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. The Max Foundation, àjọ aláàánú láti Amẹ́ríkà, ni. Novartis, ilé iṣẹ́ apoògùn, ló kọ́kọ́ gbé oògùn náà, Glivec, sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Durosinmi àtàwọn dókítà ẹ̀jẹ̀ Ifẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ètò náà níbí ní 2003.

Dókítà ló ń forúkọ aláìsàn sílẹ̀, èsì àyẹ̀wò BCR-ABL, èyí tó ń fi hàn pé CML ni, ni wọn yóò sì kọ́kọ́ béèrè. Oògùn lọ́fẹ̀ẹ́ o, àmọ́ owó ọkọ̀ àti àyẹ̀wò ló ń wọ àwọn èèyàn lọ́rùn.

Miligíráàmù 400 Glivec lóòjọ́ ni wọ́n sábà máa ń lò, pẹ̀lú oúnjẹ àti ife omi ńlá kan, torí inú òfìfo máa ń fa èébì. Bí ara ẹ̀gbọ́n yín bá yá, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má dá oògùn dúró fúnra wọn: àìsàn náà lè padà, kí oògùn má sì ràn án mọ́.