Kasai tí wọ́n ṣe fún ọmọ yín kò ṣòfò

Ẹ kú wàhálà ọmọ, ìyá wa. Ẹ ní ọjọ́ 84 ni ọmọ yín pé tí wọ́n fi ṣe Kasai fún un, iṣẹ́ abẹ tó ń la ọ̀nà fún òróòro láti ẹ̀dọ̀ wọ ìfun, pé ojú rẹ̀ tó di yẹ́lò ò mọ́ títí di òní, àwọn dókítà sì ti ń sọ ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyá ọkọ yín wá ní ẹ fowó ṣòfò, pé abẹ àkọ́kọ́ yẹn ló máa ba èkejì jẹ́. Ẹ bá mi kí màmá, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n rí sọ. Àbúrò bàbá mi sọ irú rẹ̀ fún mi lórí fóònù nígbà tí ọmọ mi obìnrin wà ní wọ́ọ̀dù ní London.

Tiwa náà, biliary atresia ni, àìsàn tí ọ̀nà òróòro ọmọ ti dí. Ìgbẹ́ rẹ̀ funfun bí ẹfun, nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé ní omi ọmú ló sọ ojú rẹ̀ di yẹ́lò, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ méjì ṣe lọ. Ọjọ́ 52 ni wọ́n ṣe Kasai fún un: wọ́n gé ọ̀nà òróòro tó ti dí kúrò, wọ́n fa ìfun kan sókè, wọ́n rán an mọ́ ẹnu ẹ̀dọ̀. Ojú rẹ̀ mọ́ fún oṣù díẹ̀, kí cholangitis, ìyẹn kòkòrò àrùn nínú ọ̀nà òróòro, tó dé. Ibà òjijì, ojú á tún pọ́n, a sì di èrò ọsibítù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe é kó tó pé ọdún kan. Nígbà tó di ọmọ oṣù 14, èmi ni mo fún un ní ẹ̀dọ̀, wọ́n gé e láti apá òsì tèmi.

Màmá ò parọ́ o. Ibi tí abẹ bá ti kàn rí, ara á lẹ̀ mọ́ra níbẹ̀, ìfun á lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀ bí àmàlà tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á máa là á kí wọ́n tó débi iṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ kì í tètè dì, iṣan ẹ̀jẹ̀ sì ti wú sáàárín àpá yẹn, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ tó ń dà á pọ̀. Wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n dá fún wa, mọ́kànlá ni wọ́n lò. Ní ọjọ́ kẹfà, ikùn rẹ̀ wú, ibà gorí rẹ̀: ìfun ti lu níbi tí wọ́n ti là á. Wọ́n tún gbé e padà sí tíátà. Èmi gan-an ò tíì lè nàró dáadáa lọ́jọ́ náà, ara ògiri ni mo ń dì mú dé ibẹ̀.

Àmọ́ ká ní kò sí Kasai ńkọ́? Ọmọ tí òróòro há sínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ṣe nǹkan kan sí i, kì í sábà pé ọdún méjì. Kasai ló jẹ́ kí tèmi wọn kìlógíráàmù mẹ́sàn-án kí ọjọ́ pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀ tó pé. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ọmọ kékeré dà bí òwú, bó bá ṣe dàgbà tó ni rírán rẹ̀ ṣe rọrùn tó. Ìfun tí wọ́n fà sókè lọ́jọ́sí náà ni wọ́n tún fi gba òróòro ẹ̀dọ̀ tuntun.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ sá fún ni Kasai ẹlẹ́ẹ̀kejì. Bí àkọ́kọ́ ò bá mú kí òróòro ṣàn rárá, àpá lẹ tún ń rà. Ohun tí wọ́n ń wò ni kí bilirubin, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ ojú di yẹ́lò, wálẹ̀ sí abẹ́ 2 mg/dL láàárín oṣù mẹ́ta lẹ́yìn Kasai. Tí kò bá wálẹ̀, ẹ lọ rí àwọn tó ń pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ nísinsìnyí, ẹ má dúró dìgbà tí ikùn bá kún fómi. Ibà kékeré, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, torí cholangitis lè jẹ́ kí iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀ sún kì. Ẹ bi wọ́n léèrè fítámì K tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì pẹ̀lú.

Ẹ sì gba ìwé iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ wọn, èyí tí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe fa ìfun àti bó ṣe gùn tó sí. Bó bá jẹ́ Íńdíà lẹ ń lọ pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ náà, inú báàgì ọwọ́ ni kí ẹ fi í sí, ẹ má jẹ́ kó bá ẹrù wọ ìsàlẹ̀ bàálù.