Ṣé òótọ́ ni pé PHP ti kú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń fi PHP, èdè tí wọ́n fi ń kọ wẹ́bsáìtì, jẹun. Ẹnì kan tó ń ta ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sọ fún mi pé PHP ti kú, pé kí n tètè sanwó fún ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tòun kó tó di pé kò sẹ́ni tó máa gbà mí síṣẹ́ mọ́. Wẹ́bsáìtì tí mò ń bójú tó báyìí ṣì wà lórí PHP 5.6, mysql_query (àṣẹ àtijọ́ tí PHP fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀) ló kún inú ẹ̀, wọ́n sì ti háàkì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé kí n kúkú fi èdè yìí sílẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, má san owó yẹn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, torí ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè yìí, ó sì ń bí mi nínú pé àwọn kan ń fi ìbẹ̀rù gbowó lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀.

Ohun tó kú kọ́ ni wọ́n ní ó kú yẹn. PHP 5.6 ló kú. Láti ìparí 2018 làwọn tó ń ṣe PHP ti dáwọ́ àtúnṣe ààbò dúró lórí ẹ̀, ìyẹn ni pé ihò yòówù tí wọ́n bá rí nínú ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn ò ní bá ẹ dí i. mysql_query tó o sì sọ, wọ́n ti yọ ọ́ dànù pátápátá nínú PHP 7.0 tó jáde ní December 2015. Orí òkú vẹ́ṣàn lo wà, ẹnì kan wá ń sọ fún ẹ pé èdè ló kú.

Háàkì tó o sọ yẹn gan-an ni mo fẹ́ dúró lé, torí ibẹ̀ ni irọ́ yẹn ti ń rí ẹsẹ̀ dúró sí. Mi ò tíì rí kóòdù rẹ, nítorí náà mi ò lè búra pé ibẹ̀ ni wọ́n gbà wọlé, ṣùgbọ́n níbi tí mysql_query bá pọ̀ sí, ohun tí mo sábà máa ń bá ni pé dẹfẹlọ́pà gba ohun tí àlejò kọ sínú fọ́ọ̀mù, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àṣẹ tó ń lọ sí dátábéèsì bẹ́ẹ̀. Àlejò á wá fi àmì ' kan ṣoṣo pa gbólóhùn tìẹ dé, á bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ níwájú ẹ̀, dátábéèsì ò sì mọ̀yàtọ̀, gbogbo ẹ̀ ló máa ṣe. SQL injection nìyẹn. Ṣe irú ẹ̀ ní Python, ṣe é ní Java, ilẹ̀kùn kan náà lo ṣí sílẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn ò sì ní tì í fún ẹ tó ò bá mọ̀ pé o ṣí i. Ohun tó ń tì í ni prepared statement: àṣẹ á kọ́kọ́ lọ pẹ̀lú àyè òfìfo, ohun tí àlejò kọ á wá tẹ̀lé e lọ́tọ̀, kò sì ní di àṣẹ láéláé. PDO, ọ̀nà míì tí PHP fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, lè bá ẹ ṣe é. (Tó bá jẹ́ dátábéèsì MySQL lò ń lò, PDO máa ń díbọ́n ṣe é ni, àfi tó o bá pa ètò ẹ̀ tó ń jẹ́ ATTR_EMULATE_PREPARES. Pa á.) PDO ti wà látìgbà PHP 5.1, ní 2005. Ó wà lórí 5.6 tó o jókòó lé yẹn láti ọjọ́ tó o ti débẹ̀, torí náà má dá PHP lẹ́bi.

Mo mọ bó ṣe ń dunni. Láyé PHP 4, nǹkan kan wà tó ń jẹ́ register_globals, tó bá ti wà ní títàn, ohunkóhun tẹ́nì kan bá kọ sídìí àdírẹ́sì ló máa di variable (orúkọ tí kóòdù fi ń di nǹkan mú) nínú kóòdù rẹ. Mo kọ ojú ewé kan fún oníbàárà kan tó ń wò bóyá $admin jẹ́ 1, mi ò sì fún un ní 0 níbẹ̀rẹ̀, ẹnì kan kàn fi ?admin=1 sídìí àdírẹ́sì, ó sì wọlé bí onílé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tún un ṣe, ojú sì tì mí gidi. Ṣùgbọ́n wo ohun tí èdè náà ṣe: ní 2002 wọ́n pa register_globals, tó o bá fẹ́ ẹ àfi kó o fọwọ́ ara rẹ tàn án, nígbà tó di 2012 wọ́n yọ ọ́ kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú PHP 5.4. Àwọn tó ń pariwo pé PHP kò dáa, PHP ìgbà yẹn ni púpọ̀ nínú wọn ṣì ń bá jà.

Mi ò ní purọ́ fún ẹ pé kò lábùkù. Wo àwọn àṣẹ tó ń bá ẹ wá nǹkan: strpos ní kó o kọ́kọ́ fún òun ní ibi tóun máa wá a sí, in_array ní ohun tóun ń wá ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí mo ṣì máa ń ṣí ìwé wò. Títí dìgbà tí PHP 8.0 dé ní 2020, tó o bá fi == bi í léèrè bóyá 0 àti "abc" dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ló máa sọ! Lo ===, tó ń wò bóyá irú wọn bára mu pẹ̀lú, má ṣàwáwí.

Síbẹ̀ mo fẹ́ràn ẹ̀ tọkàntọkàn. Bí àlejò kan bá ti gba ìdáhùn ẹ̀ tán, PHP á palẹ̀ gbogbo ohun tó tẹ́ sílẹ̀ fún un mọ́, tí ẹlòmíì bá dé, ó di ọ̀tun, àṣìṣe tó pa ojú ewé ẹnì kan kì í sábà kó bá ti ẹnì kejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sùn dáadáa. Wikipedia ṣì ń lò ó, WordPress náà ṣì ń lò ó, ẹni tó ń wá òkú kó lọ wá a níbòmíì.

Ṣé kó o kọ́ èdè míì? Kọ́ ọ, ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n kó máà jẹ́ ìbẹ̀rù ló ń lé ẹ.

Ní báyìí, ṣe bákọ́ọ̀pù fáàlì àti dátábéèsì, kó o sì gbìyànjú láti dá a padà síbòmíì kó o lè mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni kó o ti ṣe gbogbo ẹ̀ o, má fọwọ́ kan sáfà táwọn èèyàn ń lò nítorí pé mo kọ nǹkan síbí. Yí mysql_query sí PDO nígbà tó o ṣì wà lórí 5.6, kó o wá gòkè sí 7.4 kó o rí ohun tó máa fọ́, lẹ́yìn ẹ̀ bọ́ sí vẹ́ṣàn 8 tí wọ́n ṣì ń tún ṣe, má dúró sórí 7.4 torí òun náà ti parí ní November 2022. Tó bá jẹ́ md5, ọ̀nà àtijọ́ tó rọrùn láti já, lẹ fi ń tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù àwọn èèyàn, password_hash, àṣẹ PHP tó ń ṣe é dáadáa, ni kó o gbé wọlé ṣáájú ohunkóhun, 5.6 rẹ ní in. Àti pé ẹni tó háàkì yín lẹ́ẹ̀mejì lè ti fi fáàlì tiẹ̀ pamọ́ sáàárín tiyín, wo fóldà tí àwòrán ń wọ̀ bóyá fáàlì .php kankan wà níbẹ̀. Tó o bá rí ọ̀kan, má pa á rẹ́ o, ṣe ẹ̀dà ẹ̀ sápá kan ná, kó o kọ̀wé sí mi.